Ẹ̀kán Kọkànlá

Ọjọ́ Ajé ni Arẹwà, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, sọ pé òun fẹ́ fẹ́ mi. Mo ní kó fún mi láyè di ọjọ́ Ẹtì. Kì í ṣe pé mo ní nǹkan kan tí mo fẹ́ rò. Ìwé ìfẹ́ tí mo ti kà kún àpótí mẹ́ta, kò sì sí èyí tí ọmọbìnrin ti dáhùn lọ́jọ́ kan náà. Ọkàn mi ti gbà fún un tipẹ́.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, ó dára lọ́mọkùnrin. Ó ga, ó ń dán, eyín rẹ̀ funfun kinkin. Bó bá ti wọ yàrá iṣẹ́ báyìí, èmi tí mò ń kọ ètò kọ̀ǹpútà á gbàgbé ìlà tí mo dé. Mi ò tètè mọ̀ pé èèyàn lè kun gọ́tà ní ọ̀dà.

Ẹ̀rọ kékeré kan là ń ṣe, tí yóò máa fún ọmọ tuntun ní oògùn. Abẹ́rẹ́ kan wà lẹ́nu rẹ̀. Bí mọ́tò kékeré inú rẹ̀ bá yí lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀kán kan á já bọ́, ìdá kan nínú mẹ́wàá mílílítà. Màmá Nọ́ọ̀sì ló ni ibi iṣẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ṣe nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọn ò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà, àmọ́ wọ́n mọ ohun tí ẹ̀kán kan lè fi ọmọ tí kò wúwo ju bàtà méjì lọ ṣe.

Èmi ni mo kọ́kọ́ kọ ètò ẹ̀rọ náà. Nọ́ńbà odidi ni mo lò. Mo pe mílílítà kan ní mẹ́wàá, mo pe ẹ̀kán kan ní ení, ẹ̀rọ á wá máa ka ení, èjì, títí á fi dé ẹ̀wá. Póìntì dúró lójú kan, kò ń lọ, kò ń bọ̀. Ìgbà tí mo bá fẹ́ gbé e jáde lójú sìkírìnì nìkan ni mò ń fi póìntì sí i.

Arẹwà wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Olólùfẹ́ mi, ṣé jẹ́lé-ó-sinmi la wà ni? Ta ló ṣì ń fi ìka ka nǹkan? Nọ́ńbà tí póìntì rẹ̀ ń léfòó làwọn tó mọ̀wé ń lò."

Ó pa tèmi rẹ́, ó kọ tirẹ̀: kí ẹ̀rọ máa ro òdo póìntì kan mọ́ ara wọn títí á fi pé ọ̀kan. Mo jókòó, mò ń wo ìka rẹ̀ bó ṣe ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, mò ń rẹ́rìn-ín bí ọ̀dẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, Màmá Nọ́ọ̀sì gbé ife sábẹ́ abẹ́rẹ́, wọ́n ní kí ẹ̀rọ fún àwọn ní mílílítà kan. Wọ́n ń fi ẹnu ka ẹ̀kán.

"Mọ́kànlá," ni wọ́n wí.

"Mà, ẹ ṣì í kà ni," Arẹwà dáhùn.

"Èmi? Àfi bí o bá fẹ́ kọ́ mi ní ení, èjì."

Wọ́n tún un ṣe. Mọ́kànlá náà ni.

Mo mọ ohun tó fà á. Èjì-èjì ni kọ̀ǹpútà ń ka tirẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá kì í pé lọ́wọ́ rẹ̀, bí ìgbà téèyàn bá fẹ́ fi póìntì pín ọ̀kan sí mẹ́ta, tí kò ní tán láéláé. Ẹ ro ó lẹ́ẹ̀mẹwàá, á ku fínnífínní kó pé. Ẹ̀rọ á ní kò tíì pé, á tún fi ẹ̀kán kan sí i. Mo fi ohùn jẹ́jẹ́ ṣàlàyé fún Arẹwà. Ó rọra fọwọ́ pa mí lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Fi í sílẹ̀ fún ọkọ ẹ. Màá ti tún un ṣe lọ́la."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó dé pẹ̀lú lọ́fínńdà àti àpótí òrùka. Ó pè wá sídìí ẹ̀rọ, ó sì ní kó tú mílílítà kan jáde. Sìkírìnì gbé e jáde gàdàgbà: ọ̀kan póìntì òdo.

"Ẹ wò ó, Mà. Ọ̀kan gééré."

Màmá Nọ́ọ̀sì kò wo sìkírìnì. Ẹnu abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń wò. "Mọ́kànlá," ni wọ́n wí.

Mo ṣí ètò rẹ̀. Kò fọwọ́ kan ìṣirò rárá. Ìlà kan péré ló fi kún un: pé kí sìkírìnì máa gbé iye tí nọ́ọ̀sì pa láṣẹ jáde, ohun yòówù kó jáde lẹ́nu abẹ́rẹ́.

"O fi ètè sílẹ̀, ò ń pa làpálàpá," Màmá Nọ́ọ̀sì wí.

"Mà, ẹ̀kán kan ṣoṣo. Ta ni yóò mọ̀?" Ó kọjú sí mi, ó fi eyín hàn. "Bá mi sọ fún wọn, olólùfẹ́."

"Bó bá jẹ́ ọmọ tiwa ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn ńkọ́?"

"Tiwa kọ́ kẹ̀." Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Mo fa àga sún mọ́ tábìlì. Mo pa tirẹ̀ rẹ́, mo tún tèmi kọ. Kò ju ìlà méjìlá lọ. Màmá Nọ́ọ̀sì da omi ife nù, wọ́n gbé e padà. Ẹ̀kán mẹ́wàá já bọ́, a sì jọ ń retí ìkọkànlá.

"Èsì mi ńkọ́?" ni Arẹwà béèrè. Ó ti ṣí àpótí òrùka.

"Rárá ni," mo ní. "Jọ̀ọ́, kúrò níwájú fèrèsé, mi ò rí ẹnu abẹ́rẹ́."