Kọ̀ǹpútà Tó Dùbúlẹ̀ Lórí Bẹ́ẹ̀dì

Àǹtí Dúpẹ́, ẹ jókòó kí n sọ ohun tí mo rí lójú oorun fún yín. Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, tí mo ní mo fẹ́ máa gba àwọn oníléeṣẹ́ nímọ̀ràn lórí kọ̀ǹpútà, n kò tíì rí oníbàárà kankan. Nínú àlá yìí, mo rí ẹyọ kan. Ìyá àgbàlagbà kan tó ní ilé ìwé ló ránṣẹ́ pè mí. Mo so táì mọ́rùn, mo wọ ọ́fíìsì wọn, ó sì di wọ́ọ̀dù ọsibítù. Kọ̀ǹpútà wọn dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi aṣọ bò ó dé ọrùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo fọwọ́ kàn án, ó gbóná. Gbogbo èsì ìdánwò àwọn ọmọ ló wà nínú rẹ̀.

Ìyá náà ní, "Dókítà, kí la máa ṣe?"

Mo ní, "Mà, èmi kì í ṣe dókítà. Ìmọ̀ràn ni mò ń fún èèyàn."

"Ó dáa, ẹ gbà wá nímọ̀ràn."

Mo la ẹnu, ohùn kò jáde. Àwọn òbí àwọn ọmọ ilé ìwé náà yí bẹ́ẹ̀dì ká, wọ́n ń kọ gbogbo ohun tí n kò sọ sínú ìwé, wọ́n ń sọ pé, "Ẹ ṣeun, sà." Kọ̀ǹpútà yẹn wá di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ kéré bíi ti ọmọ ìkókó. Ó ní, "Ẹ má fi mí sílẹ̀." Mo ń wá ohùn tí màá fi dá a lóhùn, n kò rí i, ni mo bá ta jí.