Ìrù Ọ̀wọ́

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ bọ́ sí ìrù."

Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ ò tilẹ̀ wojú opó náà tó fi sọ ọ́. Lọ́kàn opó, ìyàwó ẹni tó kú sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ yìí kan náà kì í ṣe ẹni àtì-sẹ́yìn. Ó ti rò pé àárín ni wọ́n máa fi òun àti ìyá ọkọ òun sí. Àṣé ẹni tó bá fún ọ̀gá ní rìbá nìkan ló ń rin àárín.

Bí ọ̀wọ́ èrò náà ṣe ń gun òkè nìyẹn: àwọn ẹ̀ṣọ́ tí oníṣòwò háyà níwájú, àwọn ọlọ́rọ̀ àti ìbaaka wọn láàárín, àwọn aláàárù oníyọ̀ lẹ́yìn pátápátá. Ẹ̀ṣọ́ kan ṣoṣo ló ń ṣọ́ ìrù. Iṣẹ́ yẹn lọkọ rẹ̀ ń ṣe tó fi kú.

Kùrukùru bolẹ̀ nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti fún. Ìyá ń mí hẹlẹhẹlẹ lábẹ́ ẹrù iyọ̀, síbẹ̀ ó ń ṣàwàdà pé bí olè bá gbé òun, ẹnu òun á mú kí wọ́n tètè dá òun padà. Opó ò rí ẹ̀rín rín. Ẹ̀rù ń bà á.

Súfèé dún níwájú, ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀ṣọ́ ẹ̀yìn wọn, ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Kúkúrú, dúró sójú kan.

"Ìyàwó wa, sọ ẹrù ẹ kalẹ̀, kó o sáré tẹ̀ lé mi."

"Ìyá ńkọ́?"

"Ọ̀gá ti bá àwọn olè ṣàdéhùn. Ìrù ni tiwọn, kí wọ́n má bàa fọwọ́ kan àárín. Ọkọ ẹ náà gbọ́ súfèé yìí. Òun ló lóun ò ní í sá."

Kúkúrú ti lọ. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Opó fa ìyá lọ́wọ́, orúnkún ìyá kọ̀. Ìyá já ọwọ́ ara rẹ̀ gbà, ó tì í síwájú.

"Máa lọ, ọmọ mi. Èmi ò lè sáré mọ́."

Ó sáré. Ẹ má dá a lẹ́jọ́. Ẹni tẹ́rù bà rí ló mọ̀ ọ́n. Ó gbọ́ ohùn ọkùnrin kan lẹ́yìn, ohùn pẹ̀lẹ́ bíi tẹni tó wá gba ẹrù rẹ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí: "Ṣé ìrù tòní nìyí?"

Lẹ́nu bodè ìlú kejì, àwọn ọlọ́rọ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá pé ẹrù àwọn pé. Ó wá bá opó níbi tó jókòó sí nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ṣí fìlà.

"Ìyàwó wa, pẹ̀lẹ́. A sa gbogbo ipá wa..."

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá mú wá sílé rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú nìyẹn. Opó mọ èyí tó kù. Ó bá a parí ẹ̀: "Àmọ́ àwọn olè pọ̀ jù yín lọ."

Ọ̀gá dé fìlà rẹ̀ padà.

"Lọ́la là ń padà sílé, ọ̀nà yìí náà la ó sì gbà. Mo lè fi ẹ́ sáàárín."

Opó bojú wo òkè. Kò rí nǹkan kan àfi kùrukùru.

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá," ló sọ.